Ohun Tí Mo Kọ Nípa Bẹ́ẹ̀dì Keje

"Èyí tó kù yìí ò le rárá," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ó sì ti bébà iṣẹ́ náà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. "Ìwádìí méjì tí o ti parí yẹn ni wàhálà. Eléyìí, inú orí ara ẹ lo ti máa fà á yọ."

Ilé ìkàwé yunifásítì la wà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà, ó ku ọjọ́ kan péré ká kó iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ara ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò tẹ́ẹ́rẹ́. Ọdún kìíní la wà nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ ìwádìí kan lórí omi mímu, mo ti kọ èkejì lórí ìtàn ilé ìwòsàn, ojú mi ti pọ́n, ẹ̀yìn ń dùn mí. Iṣẹ́ àṣàrò ló kù. Wọ́n ní kí kálukú kọ ohun kan tí ò lọ bó ṣe yẹ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kó sì sọ ohun tó rí kọ́ níbẹ̀.

Ìyọnu tèmi ni pé kò sóhun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, lábẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Wọ́ọ̀dù. Ta ló fẹ́ jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ lójú ìyẹn? Bí o bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á dúró tì ọ́. Bí o bá ń ka oògùn, á máa bá ọ kà á.

"Ṣé o wá fẹ́ kọ pé gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa ni?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí Dà ò ní fún ẹ ní nǹkan kan. Àwọn tó bá sunkún sínú iṣẹ́ wọn ló ń gba máàkì. Wá ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan fún ara ẹ, kí o ronú pìwà dà lójú ìwé kejì. Ta ló máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Olùkọ́ wa ni Ẹ̀rí Dà. Ohun tó máa ń fi bírò pupa kọ sétí iṣẹ́ wa la fi sọ ọ́ lórúkọ: "Ẹ̀rí dà?" Kọ ọ́ pé omi ìdọ̀tí ń fa àrùn, á bi ọ́ pé ẹ̀rí dà. Bí o bá kọ ọ́ pé ojúmọ́ mọ́ láàárọ̀ yìí, kò dá mi lójú pé kò ní bi ọ́.

Mo gba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mo ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ ni mo kọ ọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Bí mo ṣe kọ ìwádìí ni mo ṣe kọ òun náà. Mo fi ọjọ́ sí i, mo fi agogo sí i, mo fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì sí i, kó lè jọ òótọ́. Mo kọ ọ́ báyìí pé: "Ní ọjọ́ tí mo lò kẹ́yìn ní wọ́ọ̀dù, ní agogo méjì ọ̀sán, mi ò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì keje. Iye tí wọ́n kọ láàárọ̀ ni mo tún kọ sínú fáìlì. Nọ́ọ̀sì àgbà rí mi, ó ní kò séwu. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀."

Irọ́ pátá ni. Mo wọ̀n ọ́n. Mo wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá bàbá náà, iye tó jáde sì bá tàárọ̀ mu régí. Màmá Wọ́ọ̀dù wo fáìlì, ó wò mí lójú.

"Tún un wọ̀n," ló wí. "Apá kejì."

"Ẹ rọra o," ni bàbá náà wí. "Apá yìí ni mo fi ń jẹun, ẹ má wọ̀n ọ́n tán."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo tún un wọ̀n, ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. Màmá Wọ́ọ̀dù ní kí n kọ méjèèjì sínú ìwé àpò mi, ìyẹn ìwé kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú dání, ó sì fọwọ́ sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, mo sì wò ó pé kò dùn tó láti kọ.

Lọ́jọ́ kejìlá tá a kó wọn sílẹ̀, wọ́n dá iṣẹ́ padà. Ìwádìí mi méjèèjì kún fún bírò pupa. Iṣẹ́ àṣàrò mi ò sí níbẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka wa ló rí mi lójú ọ̀nà.

"Olùkọ́ rẹ ń pè ọ́," ló wí. "Ó ní kí o mú ìwé àpò rẹ dání."

Iṣẹ́ mi wà lórí tábìlì Ẹ̀rí Dà nígbà tí mo wọlé. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí bírò pupa kankan lára ẹ̀, kò bi mí ní ẹ̀rí kankan.

"Jókòó," ló wí. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o kọ síbí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá bẹ́ẹ̀dì keje. Apá ọ̀tún ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án."

Mi ò gbọ́ nípa ẹ̀ rárá. Mi ò padà dé wọ́ọ̀dù yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Apá tó fi ń jẹun ló wá sí mi lọ́kàn.

"Iye àárọ̀ àti iye ọ̀sán bára mu nínú fáìlì," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ohun tó lè pa aláìsàn lára, òfin ní kí n fi tó ilé ìwòsàn létí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò dárúkọ rẹ. Wọ́n ti ní kí nọ́ọ̀sì àgbà lọ jókòó sílé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, abẹ́ ẹ̀ lo wà. Ṣé òótọ́ lohun tí o kọ?"

Mo mọ òfin kejì náà. Ẹni tó bá hùmọ̀ ìrírí, á tún ọdún náà kà látìbẹ̀rẹ̀.

"Òótọ́ ni mà," mo wí.

"Ìwé àpò rẹ dà?"

"Ó ti sọnù mà."

Inú báàgì mi ló wà, báàgì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó wò mí pẹ́, ó ní kí n máa lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. "Gbé ẹnu ẹ dákẹ́," ló wí. "Ẹni tó ti dàgbà ni, á rí iṣẹ́ míì. Ìwọ ńkọ́?" Ó kó ìwé ẹ̀, ó sì lọ jókòó síbòmíràn. Látọjọ́ náà, tí mo bá bọ́ sí apá ọ̀tún, òun á bọ́ sí apá òsì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo ń gba iwájú ilé ìwòsàn kọjá nígbà tí mo rí Màmá Wọ́ọ̀dù. Ó gbé àpò ọ̀rá kan dání, bàtà iṣẹ́ ẹ̀ àti ife tíì ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi.

"Ọmọ mi," ló wí, ó sì di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run ló ní kí n rí ọ. Ọ̀kan nínú yín kọ ọ́ sínú iṣẹ́ pé a ò wọn bàbá yẹn, pé mo rí i mo sì dákẹ́. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Àmọ́ ìwọ lo wọ̀n ọ́n, àbí? Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ sí i fún ọ. Jọ̀wọ́, bá mi wá lọ́la, kí o wá ṣẹlẹ́rìí mi. Ìwọ nìkan ni mo ní."

"Mo gbọ́ mà," mo wí. Ó ń súre fún mi bó ṣe ń lọ.

Ìyá mi, tó ń ránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí mo délé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Tí ó bá jẹ́ èmi ni nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?" ló bi mí. "Gbé ìwé yẹn. Èmi náà ń bọ̀."

Kó tó di agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a ti wà lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀rí Dà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé àpò náà lé tábìlì, mo ní irọ́ ni mo pa. Ó ka ojú ìwé náà: iye méjèèjì, agogo, àti ìbuwọ́lùwé Màmá Wọ́ọ̀dù.

"Nínú ìwádìí, ìwé ni ẹlẹ́rìí rẹ," ló wí jẹ́jẹ́. "Nínú iṣẹ́ àṣàrò, ìwọ fúnra rẹ ni ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ọ́ ní ẹ̀rí. Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó dìde. "Ó yá, ká lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn ní ilé ìwòsàn, lójú àwọn ọmọ bàbá náà, lójú Màmá Wọ́ọ̀dù. Ó ń wò mí bí ẹni tí ò rí mi rí. Wọ́n dá a láre, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Látìgbà náà, kò gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́.

Èmi náà tún ọdún náà kà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá sí yunifásítì, ẹ gbọ́ o: ẹ má kọ ohun tí kò ṣojú yín pé ó ṣojú yín. Ẹnìkan wà tí ẹ ò rò, tó jẹ́ pé orí ẹ̀ ni irọ́ yẹn máa bà lé.

Nígbà tí iṣẹ́ àṣàrò tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ yìí náà ni mo kọ, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀rí Dà dá a padà láìfi bírò pupa kàn án, àfi ní ìlà tó kẹ́yìn. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Màmá Wọ́ọ̀dù ti dárí jì mí."

Ó kọ ọ́ sétí ẹ̀ pé: "Ẹ̀rí dà?"

Mo wá a títí. Mi ò rí i.