Àwọn Tó Dúró Létí

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan ní Japan ti ṣe ayẹyẹ ìkẹyìn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa títí láé, kí iṣẹ́ tí Naoto rán sí fóònù Chizuru, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó dé lọ́jọ́ kejì: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún Bàbá, kí wọ́n má fi lẹ́ǹsì tuntun yẹn ṣiṣẹ́ o. Kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ṣe é fún."

Oúnjẹ àárọ̀ ni Chizuru ń jẹ nílé ìyafọ́tò bàbá rẹ̀. Ó ju igi méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀, ó ṣí àwòrán tí òun àti Bàbá ti fi lẹ́ǹsì yẹn ya gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà lánàá lórí kọ̀ǹpútà. Òkùnkùn ti jẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ dúdú tí wọ́n ta sí gbọ̀ngàn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Màmá Kuwabara tó ń se oúnjẹ àwọn ọmọ, àti ọkùnrin tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ni òkùnkùn bò lójú. Wọ́n pè wọ́n sáàárín lánàá títí, wọ́n kàn ń tẹrí ba, wọ́n sì rọra dúró létí, bí ọmọlúàbí ibẹ̀ ti í ṣe.

Ó pe Naoto, àbúrò rẹ̀, tó ń ta kámẹ́rà ní Osaka. Ó bi í pé ṣebí lẹ́ǹsì náà wọ ẹnu kámẹ́rà, tó tiẹ̀ dún kọ́? Naoto ní ẹnu lásán nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀, pátákó tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà Bàbá, fẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì náà ń dà sí i lọ.

"Ẹní kékeré ò lè kárí yàrá ńlá. Kéèyàn tó rà á, kó béèrè ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Kó fi sí kámẹ́rà tiẹ̀, kó ya ògiri funfun, kó wo igun."

Bàbá wọn, Tamotsu, ò janpata. Ó ní kí wọ́n gé etí àwòrán náà, kí wọ́n mú ojú àwọn méjèèjì láti inú fọ́tò mìíràn sínú àwòrán róbótó kékeré lókè, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó wá.

"Ta ló máa bi wá? Àwọn yẹn ò lè fẹjọ́ sùn."

"Torí wọn ò lè fẹjọ́ sùn náà lẹ ṣe fẹ́ gé wọn, Bàbá."

Tamotsu ní orúkọ ilé ìyafọ́tò wọn ńkọ́ bí aráyé bá gbọ́, àti pé wọn ò lè ya òmíràn mọ́, àwọn olùkọ́ kan ti wọkọ̀ lọ láàárọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tó wọ ara wọn lẹ́nu lè má bá ara wọn mu. Ẹ dán irinṣẹ́ yín wò kí ọjọ́ tí kì í padà tó dé. Bí ẹ bá sì ṣì í ṣe, ẹ má fi ẹni tí kì í jà bo àṣìṣe yín.

Chizuru wọ bàtà yìnyín rẹ̀, ó kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá. Mi ò ní sọ wọ́n di ẹni tí kò wá. Mò ń lọ sílé wọn báyìí, màá sọ pé àwa la ṣàṣìṣe, màá sì bẹ gbogbo ẹni tó kù kí wọ́n wá dúró fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá gé àwòrán yẹn, mi ò bá yín ṣiṣẹ́ mọ́."