Omi Ìṣínu Hanifah

Ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ọjọ́ ààwẹ̀ yòókù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ràmọ́tà, tó ń ta abọ́ oníke lọ́jà Òkè-Àje, tètè palẹ̀ ọjà mọ́ kó lè lọ din àkàrà ìṣínu. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́dún yìí. Hanifah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti kékeré, ń gba ààwẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Áfáà àdúgbò ti sọ ọ́ títí pé Ọlọ́run kò fi ààwẹ̀ ni aláìsàn lára, pé kí wọ́n máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń ti ọmọ náà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti pa abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tí òun ń gún lójoojúmọ́ tì títí di ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ẹni tí kò jẹun, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣúgà ṣe? Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí Ràmọ́tà. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wọn, kò sì lọ bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó délé, orí ilẹ̀ pálọ̀ ló bá Hanifah tó ń bì, tó di inú mú. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń mu omi bí ẹni máa mu kànga gbẹ tí wọ́n bá ti ṣínu, tó sì ń tọ̀ ṣáá. Ràsákì, baba rẹ̀, ní ibà ni, ó sì ra oògùn ibà wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré dé, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù. Wọ́n pè é, kò dáhùn dáadáa mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé gún un níka, ẹ̀rọ ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ohun tí òun lè kà.

“Màmá,” nọ́ọ̀sì náà sọ fún Ràmọ́tà, “ara kì í yé lo ínsúlíìnì, bí èèyàn jẹun, bí kò jẹun. Nígbà tí ara ọmọ yìí kò rí i, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jó, ìyẹn ló sì ń da oró sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun lẹ ń pè níbà.”

Wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n so ínsúlíìnì mọ́ ọn lọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni Mọ́ṣádé ń padà wá wo ṣúgà rẹ̀, tó ń wo bó ṣe ń mí, tó ń wo ìtọ̀ rẹ̀, tó ń tẹ́tí sí ọkàn rẹ̀. Ó fi òwú tútù nu ètè rẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún Ràmọ́tà pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé, títí kan omi, nítorí oorun àìsàn ṣì ń kùn ún. Bó bá gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Hanifah lajú díẹ̀. Ràmọ́tà sunkún ayọ̀.

Bí wọ́n ṣe pe ìrun mọ́ńgàríbì báyìí, àwọn tó wá wo aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi dàbínù ṣínu. Wọ́n ti pe Mọ́ṣádé síbi bẹ́ẹ̀dì mìíràn.

“Mọ́mì,” Hanifah ń ráhùn, “omi.”

Èwo nínú ẹ̀yin ìyá ló lè gbọ́ ìyẹn kó má dá a lóhùn? Ràmọ́tà yọ ìgò omi Sàmúsàmù tí Ràsákì gbé dé láti Mẹ́kà. Ó ní omi mímọ́ kò lè pa ọmọ òun lára. Ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó ṣe bísímílà, ó dà á sí i lẹ́nu.

Omi náà pá a lórí. Ó wúkọ́, ojú rẹ̀ yí. Mọ́ṣádé sáré dé, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde, ó fi atẹ́gùn sí i nímú. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti gba ohun tí kò yẹ kó gbà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wú, ara rẹ̀ gbóná, èémí kò já gaara mọ́. Ọjọ́ kẹta ni Hanifah kú.

 Ràsákì jókòó sórí bẹ́ńṣì níta wọ́ọ̀dù.

“Ràmọ́tà, ṣé nọ́ọ̀sì kò sọ fún ẹ ni?”

“Ó sọ fún mi.”

 Wọ́n sin ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ kò sì tíì padà sọ́jà títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ̀yin òbí, ìfẹ́ ni Ràmọ́tà fi ṣe é, ẹ má bú u. Àmọ́ ìfẹ́ kò ní kí omi má gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ dúró fúnra yín, ì báà jẹ́ nítorí ààwẹ̀, ì báà jẹ́ nítorí àìlèjẹun. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Bí alátọ̀gbẹ bá ń bì, tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má pè é níbà, ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n kí ohunkóhun tó kan ẹnu rẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì, bó bá sì ní rárá, ẹ gbà fún un, bí ọmọ yín tilẹ̀ ń bẹ̀ yín.