Ilà Èédú Lára Ilẹ̀kùn Bàbá Tíṣà

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí omi ti fà padà, ni a bá òkú Bàbá Tíṣà nínú yàrá rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó já ilẹ̀kùn. Àgádágodo ló wà lára rẹ̀ láti ìta. Bàbá dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onírin, ẹrẹ̀ ti bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pá tó fi ń rìn ti há sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ilé mẹ́rìnlá péré ló wà ní Etídò, àdúgbò wa nínú Ìdànrè, níbi tí odò ti gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá. Benedict ni orúkọ Bàbá. Èkó ló ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wá ra ilé lọ́dọ̀ wa ní oṣù kejì ọdún yìí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò kò ju kí ọmọdé fò ó lọ. Ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ ìró omi bí òun bá ń sùn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Happiness, obìnrin ará Ofosu kan tó ń gbé ní Atosin, ló ń se oúnjẹ fún un. Bó bá ń lọ ní aago mẹ́rin, á ti ilẹ̀kùn láti ìta nítorí olè. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́pàá mú Happiness. Wọ́n ní ó ti arọ mọ́lé kí omi lè gbé e. Nígbà tí wọ́n ń tì í wọnú ọkọ̀, ó wò mí. Mo yíjú.

Ẹ̀bi mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń ròyìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ Jemima Adégòkè dé láti Àkúrẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ bàtà òjò. Ó ní kí ẹnì kan tó mọ àdúgbò mú òun kiri. Gbogbo ojú wò mí, èmi Ọlọ́runtóbi pẹ́ńtà, akọ̀wé àdúgbò nítorí pé mo lè kọ orúkọ èèyàn. Mi ò lè kọ̀. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á béèrè ìdí.

Ilé Ìyá Ẹniọlá la kọ́kọ́ yà.

"Ìyá, omi wọlé yín?"

"Ó dé ìbàdí mi, ọmọ mi."

"Kí ló bà jẹ́?"

"Kò sí o. Gbogbo ẹrù ti wà lórí àjà. Ewúrẹ́ mi pàápàá, ilé àdúrà ló sùn. Ó jẹ gbogbo òdòdó wòlíì tán." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rántí òkú, ó pa ẹnu dé.

"Ta ló sọ fún yín pé omi ń bọ̀?"

Ìyá wò mí fìrí. "Ẹni tí ìṣọ́ kàn ni."

Ó ṣàlàyé. Ní ìgbà òjò, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò ṣọ́ odò. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó kàn á lọ wo òkúta kan láàárín omi. Bí omi bá ti bo òkúta náà, á kan gbogbo ilẹ̀kùn. Bí onílé bá ti dáhùn, á fi èédú fa ilà kan sára ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun ò gbọ́.

"Ẹni yẹn kan ilẹ̀kùn Bàbá Tíṣà?"

"Hùn-ún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ n lọ sá gààrí mi."

Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ láti ilé dé ilé. Ó ń fi èékánná ha ilà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ilé Bàbá, ó dúró pẹ́.

"Ilà wà níbí náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa," ló sọ.

Lẹ́yìn náà a lọ bá Olútúndé, alága wa. Òun ló ni mẹ́fà nínú ilé mẹ́rìnlá yẹn, òun ló sì ta ilé fún Bàbá. Yàrá kan nínú ilé rẹ̀ tó fara ti ilé Bàbá lèmi náà ń gbé. Kò dìde lórí àga.

"Ẹ sọ fún Bàbá pé omi máa ń wọlé, kó tó san owó?"

"Màdáàmù, ẹni tó ra ilé létí odò, ṣé epo pupa ló rò pé ó ń ṣàn níbẹ̀?"

"Ẹ sọ fún un àbí ẹ ò sọ fún un?"

"Tíṣà ni. Ó mọ̀wé jù mí lọ. Obìnrin tó tì í mọ́lé wà lọ́wọ́ yín, kí lẹ tún ń wá kiri? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé."

"Òótọ́ ni," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ bá mi mú ìwé ìṣọ́ wá."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé àdúrà ni ìwé náà wà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Mo rò ó lọ́nà pé kí n fà á ya. Mo gbé e fún un.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọlọ́runtóbi. Ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ kan ilẹ̀kùn Bàbá?"

"Mo kàn án."

"Kí ló wí?"

"Ó ní... ó ní òun ti gbọ́."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. 

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó kó gbogbo wa jọ síwájú ilé Bàbá. Wọ́n mú Happiness wá, ẹsẹ̀ lásán, ojú rẹ̀ ti wú. Ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ aṣọ kan sínú omi. Ó kọ́kọ́ nu ilẹ̀kùn Ìyá Ẹniọlá. Ẹrẹ̀ ṣí kúrò, ilà èédú sì wà lábẹ́ rẹ̀, kedere. Ó wá nu ilẹ̀kùn Bàbá. Ilà bá ẹrẹ̀ lọ. Ọ̀dà funfun nìkan ló kù.

"Mo wo ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá," ló wí. "Lára mẹ́tàlá, èédú ló kọ́kọ́ débẹ̀, ẹrẹ̀ wá bò ó. Lára ti Bàbá, orí ẹrẹ̀ ni èédú wà. Omi ti wá, ó ti lọ, Bàbá ti kú, kí ẹnì kan tó wá fa ilà yìí."

Ó na ọwọ́ sí Happiness.

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé Happiness ló pa á. Ilé mẹ́tàlá ò pàdánù ife kan. Bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún Bàbá náà, á ti ní kí wọ́n já àgádágodo kí omi tó dé. Aago mẹ́rin ni Happiness ti lọ, kí ẹnikẹ́ni tó wo òkúta." Ó yọ ọ̀bẹ, ó ha ọ̀dà funfun náà. Ilà dúdú mẹ́rin jáde lábẹ́ rẹ̀. "Omi ti dé ilé yìí lẹ́ẹ̀mẹrin kí Bàbá tó rà á. Ẹnì kan kùn ún kí Bàbá má baà béèrè pé kí nìwọ̀nyí. Ta ló kùn ún?"

"Tóbi, ṣọ́ ẹnu ẹ o!" ni Alága pariwo.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wò ó. "Alága, mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Èmi ni mo kùn ún," ni mo wí. "Alága ló ní kí n kùn ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún ní kí n fo ilẹ̀kùn Bàbá kọjá, kí n má kàn án. Ẹnì kan ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé wá wo ilé aláwọ̀ ìyeyè kan tí Alága fẹ́ tà. Ó ní bí Bàbá bá mọ̀ pé omi ń wọlé, á sọ fún àlejò. Ó ní omi ò ní kọjá àtẹ̀gùn."

"Irọ́ ni! Pẹ́ńtà lásán!"

"Kí ló ṣèlérí fún yín?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi mí.

"Ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé àdúrà. Ọdún méjìlá ni mo ti ń kun ilé onílé, mà. Mi ò ní ògiri kan tó jẹ́ tèmi." Mo ń sunkún. "Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn náà. Mo tún gbé e wálẹ̀. Ní àárọ̀, nígbà tí gbogbo wọn lọ wá aṣọ tí wọn ó fi bo òkú, mo mú èédú."

Ìyá Ẹniọlá bo ojú rẹ̀. Òun náà mọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé Bàbá ò mọ̀. Oníkálukú ló ní ilé tó fẹ́ tà lọ́jọ́ kan.

Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ kan so èmi àti Alága pọ̀. Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní Happiness lè máa lọ. Kò lọ. Ó wá dúró níwájú mi.

"Bọ̀ọ̀dá Tóbi, ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀yin àti Bàbá. Ẹ gbọ́ ohùn Bàbá?"

Mo fẹ́ purọ́. Mi ò rí èyí tí mo lè pa.

"Mo gbọ́."

"Kí ló ń sọ?"

"Orúkọ ẹ ló ń pè," ni mo wí. "Ó pẹ́ kó tó dákẹ́."