Àdúrà Tí Delfin Fi Ṣe Òkò

Melchor gbé agbọ̀n búrẹ́dì sókè, ó ní kí Delfin tún un sọ ní èdè Ítálì pé òun fẹ́ búrẹ́dì.

Delfin tún un sọ. Àwọn mẹ́jọ tó wà nídìí tábìlì ń wò ó lẹ́nu. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, Melchor sì mi orí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọbẹ̀ inú àwo rẹ̀ ti ń tutù. Edivaldo, ọmọ Brazil tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kí Melchor jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹun, pé ebi kì í gbọ́ gírámà. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Delfin kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹrin ló tó sọ ọ́ dáadáa, Melchor sì gbé agbọ̀n náà fún un. Delfin kò mú búrẹ́dì kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún nìyẹn tó dé Róòmù. Ọmọ ogún ọdún ni. Bíṣọ́ọ̀bù wọn ní Ilocos, lórílẹ̀-èdè Philippines, ló rán an wá kàwé di àlùfáà, ó sì ń gbé nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà tó wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òfurufú rí nínú ìdílé wọn. Melchor, tó ti lo ọdún méjì ní Róòmù, ló wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Abúlé méjì tó pààlà ni wọ́n ti wá. Bíṣọ́ọ̀bù ti kọ lẹ́tà sí Melchor pé kó mójú tó àbúrò rẹ̀.

Inú Delfin dùn lọ́jọ́ náà. Ó fi Ilokáno, èdè ilé wọn, kí i, bí wọ́n ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n nílé. Melchor fi èdè Ítálì dá a lóhùn. Delfin rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ náà, kò gbọ́ Ilokáno lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò, níwájú ilé ìtajà, Ítálì ni. Bí Delfin bá fi èdè ilé béèrè nǹkan, Melchor á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìdánwò wà níwájú. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó níwájú olùkọ́ mẹ́ta, kó fi èdè Ítálì sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá gba máàkì méjìdínlógún nínú ọgbọ̀n yóò wọ yunifásítì. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì yóò padà sílé. Delfin mọ èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ló gba ọkàn rẹ̀. Ìbínú ni. Ó ń bá a sùn, ó ń bá a jí. Ó ní Melchor ti di òyìnbó, pé ojú abúlé ń tì í. Ìwọ̀nba Ítálì tó mọ̀ ló fi ro ẹjọ́ náà fún Edivaldo.

Edivaldo ní kó lọ sọ ọ́ lójú Melchor. "Òfin ilé yìí ni," ó ní. "Bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, òun ni wàá kọ́kọ́ bá, ẹ̀yin méjèèjì nìkan."

Delfin ní òun ti gbọ́. Kò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ìjì ti jà ní Ilocos. Ó gbé òrùlé ilé wọn lọ, ó sì fọ́ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ mọ́ àpáta. Kò sẹ́ni tó kú. Inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sùn, àwọn àti ìdílé mẹ́fà mìíràn. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó ní kó má dààmú, kó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀.

Delfin sáré gun àtẹ̀gùn. Ó kan ilẹ̀kùn Melchor.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní ní Ilokáno, "ìjì ti gbé òrùlé ilé wa lọ."

Melchor gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó. Ó la ẹnu díẹ̀, ó sì tún pa á dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Ítálì ló fi sọ ọ́.

"Fi Ítálì sọ ọ́."

Delfin yí padà, ó lọ.

Nínú ilé náà, lẹ́yìn Sáàmù òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni lè dìde kó gba àdúrà ẹ̀bẹ̀. Ẹnìkan á gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, òmíràn fún òjò. Bó bá ti parí, gbogbo ilé á dáhùn. Àwọn tuntun kì í sábà dìde, nítorí ẹ̀rù èdè ń bà wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Delfin dìde. Ó ti fi òru to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ó ní, ní èdè Ítálì, "fún arákùnrin wa tó gbàgbé ilé tó ti wá, tó rí àbúrò rẹ̀ nínú ìpọ́njú, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí Olúwa rẹ ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di àlùfáà."

"Olúwa, gbọ́ àdúrà wa," ni ọgọ́ta ọkùnrin dáhùn.

Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n dáhùn tán ni wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe àmín sí. Ọmọ Ilocos méjì péré ló wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Melchor tẹ orí ba. Òun náà ti bá wọn dáhùn.

Ká sòótọ́, inú Delfin dùn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Fádà Belluzzi, olórí ilé, pè é kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà ni, kì í pariwo. Ó béèrè bóyá Delfin ti bá Melchor sọ ọ̀rọ̀ náà rí ní kọ̀rọ̀. Delfin ní rárá. Ó béèrè bóyá ó mọ Ruben. Delfin kò mọ̀ ọ́n.

Fádà wá sọ fún un. Ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni Ruben ti wá ní èṣí. Melchor fẹ́ràn rẹ̀. Ilokáno ni wọ́n jọ ń sọ tọ̀sán-tòru. Melchor ń se ìrẹsì fún un, ó ń bá a rajà, òun ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún olùkọ́. Nígbà tí ìdánwò dé, Ruben kò lè sọ gbólóhùn márùn-ún. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Melchor ló bá a gbé àpótí rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

"Ó wá bá mi kí o tó dé," ni Fádà wí. "Ó ní òun ò ní fi ìfẹ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́."

Ìbínú Delfin kò tíì rọlẹ̀. "Kí ló dé tí Melchor ò sọ fún mi?"

"Ìyẹn ni kó o lọ bi í. Ìwọ náà ò sọ fún un." Fádà dìde. "O gbé ẹjọ́ lọ bá Ọlọ́run, o wá fi ọgọ́ta ènìyàn ṣe ẹlẹ́rìí láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àdúrà kọ́ nìyẹn, òkò ni. Má gba Ara Olúwa ní Mísà títí wàá fi lọ bá Melchor."

Delfin bá Melchor lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń sá aṣọ pẹpẹ. Ó fi Ítálì tọrọ àforíjì.

Melchor kò dá iṣẹ́ dúró. "Àdúrà àárọ̀ yẹn," ó ní, Ilokáno ló sì fi sọ ọ́, "kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀."

Delfin gbé aṣọ tútù kan fún un.

"Ti òrùlé yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n jókòó tì ọ́. Mo fẹ́ wá bá ọ lẹ́yìn àdúrà." Ó na aṣọ kan sórí okùn. "O yára jù mí lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ́ ọ mọ́. Bí mo bá ní kó o tún ọ̀rọ̀ kan sọ, màá máa rò ó pé inú àdúrà ni màá tún ti gbọ́ ọ."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó ń kí Delfin, ó sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ara ilé Delfin. Ṣùgbọ́n ó kó lọ sí tábìlì mìíràn. Nígbà tí Delfin bá sì ń bọ̀, àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ a máa dákẹ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe àdúrà? Edivaldo nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀, Ítálì tirẹ̀ náà sì ń mẹ́hẹ.

Ìdánwò dé. Delfin gba mẹ́rìndínlógún.

Ó bínú sí àwọn olùkọ́. Ó bínú sí Melchor. Nígbà tó yá, kò rí ẹlòmíràn bínú sí mọ́ àyàfi ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Delfin má bínú. Ìdí wà tó fi bínú. Ibi tó gbé ìbínú náà gbà ló ti ṣìnà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ọ́, òun ni kó o lọ bá, kó tó di pé o gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú èrò, ì báà jẹ́ nínú àdúrà. Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì bá sọ lẹ́nu ọ̀nà lè tán síbẹ̀. Èyí tí ọgọ́ta ènìyàn bá ti gbọ́, kò sẹ́ni tó lè kó o padà.

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa tún ìdánwò ṣe mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, Delfin sì wà lára wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ìdánwò kejì náà dé.