Ìdáríjì Tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń pè ní Amòye. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ìgbéraga rẹ̀ náà kò kéré. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọlọ́run níwájú rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Kí Ọlọ́run yín tó dáhùn, ẹ̀rọ mi á ti dáhùn."

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àìsàn dá ìyá náà dùbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ni ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Amòye a rí i pé ọ̀rọ̀ wọlé, kò ní ṣí i. Nígbà tí ìyá pè é gan-an, ó jágbe mọ́ ọn pé, "Màámi, ẹ jẹ́ n ráyè mí!" Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Ìgbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá ti dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, àyà rẹ̀ a já.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó lọ síbi ìdíje tí àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí ti ń pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ṣe han àwọn adájọ́ kí ọjọ́ Àìkú tó parí. Amòye bọ́ síwájú, ó ní òun yóò ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fi ohùn òkú bá alààyè sọ̀rọ̀. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn bù máṣọ. Síbẹ̀, ayàwòrán kan àti nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ kò lè mú ohùn tí kò gbọ́ rí jáde. Amòye kó gbogbo ohùn tí ìyá rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, pé kí ó bá òun ṣa èyí tí ó já gaara, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò tó ẹni tí í gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ki íápíìsì bọ etí, ó jókòó ti fèrèsé. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀rọ náà lahùn. Amòye wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń mu omi, nígbà tí ayàwòrán dán an wò. Ohùn kan ti inú yàrá wá: "Ọmọ mi dà?"

"Mo ń bọ̀, Màámi!" ni Amòye fi dáhùn, kí ó tó rántí. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí. "Bọ̀dá, ẹ mà yára jẹ́pè o!"

Ó yára lóòótọ́. Nígbà tí ìyá wà láàyè ńkọ́?

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, Amòye ti ilẹ̀kùn. Ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ pé: Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rọ sì sọ ọ́ ní ohùn ìyá rẹ̀, pẹ̀lú èémí kékeré tí ìyá máa ń mí kí ó tó sọ̀rọ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ń retí kí ọkàn òun fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò fúyẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Bí ohùn náà ti ń dùn tó ni ẹ̀rù ń bà á tó, àfi bí ẹni pé ẹnìkan jókòó sórí àga òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó gbójú sápá kan.

Nọ́ọ̀sì, tí ó ti gbọ́ ohùn náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kanlẹ̀kùn, ó wọlé.

"Àbúrò mi, nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́, màmá ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Èmi ni mo kọ ọ́."

"O ò wá gbọ́ tiwọn rárá?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Bóyá èpè ni wọ́n ṣẹ́ fún mi."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Àdúrà ni. Wọ́n ń bẹ Jésù kó má jẹ̀ẹ́ kí o ṣègbé. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ òótọ́ fún ọ. Bí màmá bá tiẹ̀ jí lónìí, tí wọ́n ní kò burú, ìyẹn ò tíì tó. Ọlọ́run lo ṣẹ̀ jù. Jésù kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, ó sì jíǹde. Alààyè ni. Bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká parí ìdíje ná."

Ó di ọjọ́ Àìkú. Gbọ̀ngàn kún. Amòye tẹ ẹ̀rọ, ohùn ìyá sì jáde: "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi." Adájọ́ kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ṣé ohun tí màmá sọ fún yín nìyẹn kí wọ́n tó lọ?"

Bí Amòye bá kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ipò kìíní ti di tiwọn.

"Rárá, sà. Wọ́n lọ láìgbọ́ 'ẹ má bínú' lẹ́nu mi. Èmi ni mo kọ ìdáríjì yìí fún ara mi. Kò ràn mí lọ́wọ́."

Ayàwòrán káwọ́ lérí. Wọ́n pàdánù. Amòye gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àga tí wọ́n tò jọ, nọ́ọ̀sì sì kúnlẹ̀ tì í. "Jésù, n kò mọ bí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo pa ìyá mi tì, mo pa Ọ́ tì. Ṣàánú mi."

Kò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn kúrò, àlàáfíà sì wọlé sí i lọ́kàn. Títí di òní, ó ṣì ń sunkún ìyá rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún un kò lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀rù ni kò bà á mọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? O ń sọ fún ara rẹ pé, "Ọlọ́run mọ ọkàn mi, mo ṣì sàn ju lágbájá lọ." Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣé kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ? Ọ̀rẹ́ mi, ìdáríjì tí o fún ara rẹ kò lè gbà ọ́ là lọ́jọ́ ìdájọ́. Èyí tí a fi ẹ̀jẹ̀ Jésù rà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Má sọ pé ó dọ̀la. Ìyá kan pe ọmọ rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Olúwa ṣì ń pè ọ́ nísinsìnyí. Dá a lóhùn.