Ọ̀pá Sítíárì Kì í Ṣe Irin Gígé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin télọ̀ kan ń yí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ìdílé wọn padà lẹ́nu géètì. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ̀ náà dàgbà ju àbíkẹ́yìn wọn lọ. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn bí wọ́n bá ń lọ kí àwọn ọmọ wọn lọ́nà jíjìn. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Láti ìgbà tí ojú káfíńtà ti ń ṣe bàìbàì, ìyàwó nìkan ló ń wakọ̀. Sítíárì náà le koko. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ń ro ó débi pé kò lè gbé apá sókè sá aṣọ mọ́. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Káfíńtà lọ bá jórinjórin àdúgbò. Onítọ̀hún ní kò le rárá: òun á yọ ẹ̀rọ páwà sítíárì, èyí tó ń fi iná bátìrì mú kí sítíárì fúyẹ́ láti yí, lára ọkọ̀ kan tó ti dẹnu kọlẹ̀, òun á gé ọ̀pá tó so sítíárì mọ́ àwọn táyà iwájú, òun á sì jó ẹ̀rọ náà mọ́ àárín rẹ̀. Káfíńtà bi í bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ní irin kan náà ni gbogbo wọn.

Nígbà tí ìyàwó lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ ni wọ́n ṣe é. Ó dé, ọkọ rẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìka kan péré ló fi yí sítíárì. Ó jókòó síbẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo ṣebí ẹ ò rí i pé ó ń dùn mí," ló wí.

"Mò ń gbọ́ ọ," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń lọ kí àwọn ọmọ wọn, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyàwó yí sítíárì, ó yí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn táyà kò yí. Ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì forí sọ ògiri. Káfíńtà fara bó díẹ̀. Egungun èjìká ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ kán.

Obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ló wá bá wọn nílé ìwòsàn. Ó ní ojú ibi tí wọ́n jó ló já. Káfíńtà ní òun fọwọ́ pa á, ó sì dán.

"Bàbá, ọ̀dà lẹ fọwọ́ pa. Òkè irin náà nìkan ló lẹ̀, inú rẹ̀ kò lẹ̀."

Ó tún ṣàlàyé pé atẹ́gùn táyà iwájú ti lọ sílẹ̀, àwọn oríkèé irin abẹ́ ọkọ̀ sì ti gbẹ. Ara ohun tó mú sítíárì le tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

"Èmi ni mo ṣe é léṣe léjìká," ni káfíńtà wí. Obìnrin náà sọ ọ̀nà tó tọ́ láti tún ọkọ̀ náà ṣe fún un.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, egungun jinná. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ páwà sítíárì tún táyà àti oríkèé ṣe ná. Wọ́n wá fi ọ̀pá tuntun àti ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an sí i. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é, wọn kò gé nǹkan kan, wọn kò jó nǹkan kan. Obìnrin aláyẹ̀wò wà á wò fúnra rẹ̀. Ó tún pa iná ẹ̀rọ náà níbi tí ọkọ̀ mìíràn kò sí, kí ìyàwó mọ bí sítíárì ṣe máa ń wúwo bí iná bá kú lójijì.

Káfíńtà dúró níta, ẹ̀rù ṣì ń bà á láti wọ ọkọ̀ náà.

"Ẹ wọ inú ọkọ̀, Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó wọ inú ọkọ̀, ó sì de bẹ́líìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, bí sítíárì bá le, ẹ kọ́kọ́ yẹ táyà àti oríkèé rẹ̀ wò. Bí ẹ bá fẹ́ páwà sítíárì, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín ni kí ẹ rà, kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì fi sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀pá sítíárì yín jó pọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbé e sójú títì, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn ni yóò wà á.