Àwọ̀ Tí Kò Kọ Sílẹ̀

Abọ́ èébì ló gbé dání lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Yàrá fáìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn wa. Ohun tí dókítà àti nọ́ọ̀sì bá kọ nípa aláìsàn ni mò ń kà, tí mo sì ń fún ohun tó ń ṣe é ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì rò pé èébì kàn jẹ́ èébì. Èyí tó kọ́kọ́ gbé èèyàn kó tó jáde ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tó kàn dé lójijì ní tirẹ̀. Bó bá gbé èèyàn tí kò jáde, nọ́ńbà tìyẹn tún yàtọ̀. Bí òróòro bá wà nínú rẹ̀, tó fi ní àwọ̀ ewé, ẹ̀rù ńlá nìyẹn, torí ó lè jẹ́ pé ìfun ló dí. A kò gbọ́dọ̀ méfò rárá. Ohun tí wọn kò bá kọ, a ní láti lọ bi ẹni tó yẹ kó kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀, èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí, itọ́ ẹlòmíràn lásán ń rí mi lára. Ayínmú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí, wọn kò sì parọ́ mọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ló kọ "ó bì" sínú fáìlì, ó fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Báwo ló ṣe bì? Àwọ̀ wo ni?"

Ó gbé abọ́ náà sún mọ́ mi. "Ẹ ò kúkú wò ó fúnra yín. Ó ṣì gbóná."

Mo wò ó. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ mi ti wà lórí bàtà rẹ̀.

Kò bínú. Ó na aṣọ ìnura sí mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ó ti ń gbé yín tẹ́lẹ̀, àbí ó kàn dé?"

"Ó kàn dé," mo ní, ojú ń tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. "Nọ́ńbà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀."

Ẹ̀rín pa á. Báyìí ni ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ o, nínú ẹ̀gbin.

Láti ìgbà náà, ohun kan a máa ṣẹ́ kù ṣáá nínú ohun tó bá kọ. Màá sọ̀ kalẹ̀ lọ bi í, á fi èyí tó kù kún un, a ó sì jọ lọ jẹun ọ̀sán. Mo rò pé onígbàgbé ni. Ó ń pè mí ní Ìyá Nọ́ńbà. Òórùn ọṣẹ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì rí ọwọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Màmá mi ni kò gbà. "Ọwọ́ tó ń kó èébì kiri ni yóò fi gbé ọmọ-ọmọ mi? Tuẹ̀! Mi ò ní fẹnu kan omi nílé yín." Ẹ ti rí ibi tí mo ti jogún imú yínyín.

Nígbà tó yá, Màmá ní kí n má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ká lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. A fà á síwá sẹ́yìn títí di ìrọ̀lẹ́, kó tó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, mú un wá. Ṣùgbọ́n kó fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà o!"

Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún ayọ̀.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, fáìlì baba arúgbó kan wà lórí tábìlì mi. Ọjọ́ tí mi ò sí níbẹ̀ ni wọ́n gbé baba náà wá. Olólùfẹ́ mi kọ ọ́ pé ó bì, kò kọ àwọ̀. Dókítà tó gbaṣẹ́ nírọ̀lẹ́ kà á, ó rò pé inú rírun lásán ni, ó ní kí baba máa lọ sílé. Ní àárọ̀ wọ́n sáré gbé e padà dé, ikùn rẹ̀ ti le gbagidi. Ìfun rẹ̀ ló dí. Wọ́n ti gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ bóyá yóò yè é.

Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni èébì baba yẹn?"

Ó wolẹ̀. "Àwọ̀ ewé."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tí o ò kọ ọ́?"

Ó gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí mo bá kọ gbogbo rẹ̀, ṣé wàá sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí? Mo ń retí rẹ. Nígbà tí o ò dé, mo gbàgbé, mo ṣíwọ́. Ìfẹ́ ló fà á, ayọ̀ mi."

Kì í ṣe onígbàgbé tẹ́lẹ̀ rí; ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Gbogbo oúnjẹ ọ̀sán wa, orí àìsàn ọmọ ẹlòmíràn la ti ń jẹ ẹ́. Mo ti kà nípa ìgbẹ́ gbuuru, mo ti kà nípa èébì tó ń rùn bí ìgbẹ́, kò sí èyí tó rí mi lára tó ẹ̀rín yẹn.

"Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ," mo ní. "Nísinsìnyí."

Ó lọ lóòótọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé. Baba arúgbó yè é. Mo dúpẹ́ títí.

Nígbà tí ara baba yá, ọkùnrin mi wá sílé wa. Ó fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, bí Màmá ṣe fẹ́. Màmá gba ọwọ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yíjú sí mi.

"Ó ti jẹ́wọ́, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́."

"Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ń rí mi lára, Màmá."

Ọkùnrin mi na ọwọ́ náà sí mi. "Ìyá Nọ́ńbà, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́." Òótọ́ ni mo sọ. Mo fẹ́ di ọwọ́ yẹn mú. Àmọ́ bí òórùn ọṣẹ ṣe dé imú mi, itọ́ kún ẹnu mi, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nọ́ọ̀sì ni, ojú rẹ̀ ti rí i. "Ṣé ó ń gbé ọ?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Ó ń gbé mi."

"Ṣé yóò jáde?"

Mo mi orí. Kò ní jáde. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà tìyẹn yàtọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bí ẹni pé kò tíì gbẹ, ó kí Màmá pé ó dàbọ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.